Bí táńkì omi onírin bá ń jò lójú ibi tí wọ́n ti jó o

Láti oṣù kọkànlá ọdún títí di oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, omi kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi ṣeré ní ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Èkìtì. Òjò ti dáwọ́ dúró, omi kànga ń fà sẹ́yìn, ọyẹ́ ń fẹ́ gbogbo ewé gbẹ, ohun tó bá sì wà nínú táńkì ẹ̀yìnkùlé ni ìdílé ń gbójú lé. Àsìkò náà gan-an ni ọ̀pọ̀ onílé ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré máa ń ṣàkíyèsí pé ilẹ̀ abẹ́ táńkì onírin wọn kò gbẹ mọ́, pé ìlà pupa kan ti ń ṣàn wálẹ̀ lára irin náà, àti pé ibi tí wẹ́dà ti jó irin méjì pọ̀ ni omi ti ń yọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á ránṣẹ́ sí wẹ́dà pé kó wá fi iná tọ́ ọ díẹ̀. Wẹ́dà á dé, á fi iná tọ́ ọ, á gbowó, á sì máa lọ. Kí oṣù tó parí, ibẹ̀ tún ti ń jò, ó sì lè jẹ́ pé ibi méjì ló ti ń jò dípò ẹyọ kan.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti wẹ́dà nìkan. Onílé tó pè é kò fẹ́ kí omi ṣòfò, nítorí náà kò gbà kí wọ́n tú táńkì jáde. Wẹ́dà náà kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n irin tí omi wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í gba iná bó ṣe yẹ. Ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ni pé àìbìkítà nídìí iṣẹ́ yìí kì í mọ sórí omi tó ṣòfò. Ó ti fa iná, ìbúgbàù àti ikú ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé, pàápàá níbi tí táńkì tàbí dúrọ́ọ̀mù náà bá ti gba epo rí.

Ìdí tí táńkì onírin fi wọ́pọ̀ ní agbègbè náà

Ìkẹ́rẹ́ jẹ́ ìlú tí àpáta yí ká. Òkè Olósùnta àti òkè Orólé kò ṣe é fi pamọ́ fún àlejò tó bá wọ ìlú náà, irú àpáta líle bẹ́ẹ̀ ló sì wà lábẹ́ ilẹ̀ káàkiri apá ibẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga kì í gbẹ́ jìnnà kó tó kan òkúta. Omi tí irú kànga bẹ́ẹ̀ ń rí fà ni èyí tó fara pamọ́ sínú ilẹ̀ àti àpáta jíjẹrà tó wà lókè òkúta líle náà. Bí òjò bá ti dá, ibi ìpamọ́ yìí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Omi ẹ̀rọ ìjọba kì í sì í yọ ní gbogbo àdúgbò lójoojúmọ́.

Ọ̀nà tí àwọn àgbà gbà borí ìṣòro yìí ni pé kí wọ́n gba omi òjò láti orí òrùlé. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí òjò tó ga tó mílímítà kan bá rọ̀ sórí òrùlé tí òòró àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 10 sí mítà 10, lítà 100 ni omi tó máa ṣàn wálẹ̀. Òjò ńlá kan ṣoṣo tó jẹ́ mílímítà 20 lè mú lítà 2,000 wá, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù mẹ́wàá onílítà 200. Dúrọ́ọ̀mù kan tàbí méjì kò lè gba ìyẹn. Kí táńkì oníke tí gbogbo ènìyàn ń pè ní GeePee tó gbòde, wẹ́dà ni wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ náà fún, tí yóò gé irin pẹlẹbẹ, tí yóò jó o pọ̀ bí àpótí, tí yóò sì jó ẹsẹ̀ mẹ́rin mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú táńkì bẹ́ẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé títí di òní. Àwọn kan tilẹ̀ dàgbà ju àwọn ọmọ tó ń pọn omi nínú wọn lọ.

Táńkì tó jẹ́ mítà 1.2 ní òòró, ní ìbú àti ní gíga máa ń gba omi tó lé ní lítà 1,700. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan, nítorí náà ẹrù tó ju tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ lọ ló wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin yẹn. Ìsàlẹ̀ táńkì ni omi ti ń ti irin jù, nítorí pé bí omi bá ṣe jìn tó ni agbára tó fi ń ti nǹkan ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí jíjò fi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti etí ìsàlẹ̀ tàbí láti igun mẹ́rin, kì í ṣe láti òkè. Bí ẹsẹ̀ kan bá tún rì sínú ilẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, táńkì a fẹ́ lọ́ díẹ̀, ojú jíjó tó wà ní igun ni yóò sì gba gbogbo ìyà náà.

Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ táńkì nìkan. Ní ọjọ́ 16, oṣù kìíní, ọdún 1943, ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Schenectady là sí méjì ní èbúté Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, Amẹ́ríkà, nígbà tí kò tíì rìn jìnnà rárá. Jíjó ni wọ́n jó irin rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀kọ́ tí àwọn onímọ̀ irin rí kọ́ lára rẹ̀ àti lára àwọn ọkọ̀ mìíràn tó là lásìkò ogun náà ni pé, níbi tí irin bá ti jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ níbì kan kò ní ohun tó máa dá a dúró.

Ohun tó ń mú kí ojú jíjó jò

Wẹ́dà tó mọṣẹ́ kì í lẹ irin mọ́ irin bí ẹni lẹ pépà. Iná mànàmáná tó ń fò láti ẹnu ọ̀pá ìjórin ni yóò yọ́ etí irin méjèèjì, irin tó wà nínú ọ̀pá náà a yọ́ pẹ̀lú wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a sì di ọ̀kan bí wọ́n bá ti tutù. Bí etí irin kan kò bá yọ́, ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìbòrí lásán lọ. Ó lè dán, ó sì lè ga bí òkìtì, ṣùgbọ́n omi yóò rí ọ̀nà gbà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pá ìjórin tí àwọn wẹ́dà ń pè ní ẹlẹ́tíróòdù ní ẹ̀wù lára. Oscar Kjellberg, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó dá ilé iṣẹ́ ESAB sílẹ̀ ní ọdún 1904, ni ẹni tí wọ́n ka ọ̀pá aláṣọ yìí sí lọ́rùn. Bí iná bá ti mú un, ẹ̀wù náà a jó, a di èéfín tó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò lórí irin tó ń yọ́, a sì tún di ìdàrọ́ tó ń bo irin náà títí yóò fi tutù. Àwọn alágbẹ̀dẹ àtijọ́ tó ń yọ́ irin mọ ìdàrọ́ dáadáa, wọn kì í sì í jẹ́ kó dàpọ̀ mọ́ irin gidi. Wẹ́dà òde òní náà gbọ́dọ̀ fi òòlù ṣẹ́ ẹ kúrò, kó sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ibẹ̀, kó tó tún jó ìlà mìíràn lé e. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìdàrọ́ á há sí àárín irin méjì. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, omi á jẹ ẹ́, ihò á sì kù síbẹ̀.

Ẹ̀wù ọ̀pá náà tún máa ń fa ọ̀rinrin mu. Páálí ọ̀pá tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì nínú oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, kò tún rí bó ṣe rí nígbà tí wọ́n rà á. Ọ̀rinrin inú rẹ̀ á di afẹ́fẹ́ gbígbóná nínú irin tó ń yọ́, á sì fi ihò wínníwínní sílẹ̀ bí ihò inú búrẹ́dì. Ìpẹtà, ọ̀dà, epo àti eruku tí wọn kò fọ̀ kúrò lára irin máa ń ṣe ohun kan náà. Ihò náà lè kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní rí i lọ́jọ́ tí wọ́n kó táńkì wá. Omi yóò rí i.

Èyí tó kù ni ti síǹkì. Ọ̀pọ̀ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe táńkì ni wọ́n ti fi síǹkì bò kí ó má baà tètè dípẹtà. Síǹkì ń yọ́ bí ooru bá dé nǹkan bí ìwọ̀n 420 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì ń hó di èéfín ní nǹkan bí 907. Irin kì í yọ́ àfi bó bá kọjá 1,400 dáadáa. Nítorí náà, kí irin tó yọ́ rárá, síǹkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ti jóná tán. Bí wọn kò bá fi ohun mìíràn bo ibẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ìhòhò ni wọ́n fi irin náà sí, ibẹ̀ sì ni ìpẹtà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí táńkì fi lè mọ́ tónítóní ní gbogbo ara, kí ó sì máa jò kìkì níbi tí wọ́n ti jó o.

Bí wọ́n ṣe ń wá ojú ibi tó ń jò

Ẹ̀kán omi kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí lítà mẹ́rin lóòjọ́. Láàárín oṣù kan, ó ti ju ààbọ̀ dúrọ́ọ̀mù lọ. Ibi tí ẹ̀kán náà ti ń já sílẹ̀ kì í sì í sábà jẹ́ ibi tó ti ń jáde, nítorí omi máa ń rìn lẹ́bàá irin kó tó já bọ́. Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo ojú jíjó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n dúró díẹ̀, kí wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ọ̀rinrin bá ti kọ́kọ́ yọ.

Bí ihò náà bá kéré jù, ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi àti táńkì epo ti ń lò tipẹ́, àwọn ohun tó gbà kò sì ṣòro rí ní ọjà èyíkéyìí ní Èkìtì. Wọn yóò tú omi táńkì jáde, wọn yóò jẹ́ kó gbẹ, wọn yóò po ẹfun mọ́ omi, wọn yóò sì fi kun ojú jíjó láti ìta. Bí ẹfun bá ti gbẹ, wọn yóò fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú kẹrosíìnì nu ojú jíjó kan náà láti inú. Kẹrosíìnì máa ń gba inú ihò tí omi kò tètè gbà. Láàárín nǹkan bí wákàtí kan, ibi tó bá lu yóò fara hàn bí ojú àmì tó ṣú lórí ẹfun funfun. Lẹ́yìn èyí, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi fọ kẹrosíìnì náà kúrò pátápátá, kí wọ́n ṣí táńkì sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni tó mú iná sún mọ́ ọn. Àwọn kan máa ń kánjú níbi yìí, ìkánjú náà sì lè gbẹ̀mí.

Kí wẹ́dà tó dé, omi tó wà nínú táńkì ṣì lè wúlò. Bí wọ́n bá fa omi náà wálẹ̀ títí tí yóò fi kéré sí ibi tó ń jò, jíjò á dúró. Bí ihò náà bá jẹ́ ẹyọ kan lójú ibi tó tẹ́jú, bóòtù kékeré kan tí wọ́n ki rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù táyà sí ní ojú méjèèjì, tí wọ́n sì dè mọ́lẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì, lè dá a dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Lára irin tó ti tín-ín-rín, bóòtù yìí tilẹ̀ sàn ju jíjó lọ, nítorí iná lè sọ ihò abẹ́rẹ́ di ihò owó. Gọ́ọ̀mù líle tí wọ́n ń po láti inú ike méjì náà lè ṣiṣẹ́ bí irin bá gbẹ tí ó sì mọ́. Sìmẹ́ǹtì kì í ṣe. Irin táńkì máa ń wú sóde bí omi bá kún, ó sì máa ń padà bí omi bá fà. Sìmẹ́ǹtì kò lè bá a lọ, yóò kàn là ni.

Àtúnṣe gidi

Omi gbọ́dọ̀ jáde tán. Kò sí ọ̀nà àbùjá kankan nídìí èyí. Lítà omi kan tó bá hó tán lè di èéfín tó fẹ̀ tó nǹkan bí lítà 1,700. Ìwọ̀nba omi díẹ̀ tó bá fara pamọ́ sẹ́yìn ojú jíjó ti tó láti máa fẹ́ irin tó ń yọ́ jáde bó ṣe ń dé ibẹ̀. Omi tún máa ń gba ooru lọ́wọ́ iná, irin kì í sì í yọ́ dé inú. Èyí gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí wẹ́dà bá ń fi iná tọ́ táńkì tó kún.

Lẹ́yìn tí táńkì bá ti gbẹ, iṣẹ́ ńlá tó wà níbẹ̀ kì í ṣe jíjó bí kò ṣe fífọ̀. Wẹ́dà yóò fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin lọ ojú jíjó àtijọ́ náà kúrò, títí yóò fi kan irin tó ń dán, yóò sì lọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tó ìbú àtàǹpàkò. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni irin là, kó lu ihò kékeré kan tó jẹ́ nǹkan bí mílímítà mẹ́ta sí ìpẹ̀kun ìlà náà ní ìhà méjèèjì, kí ìlà náà má baà máa sá lọ níwájú iná. Ihò róbótó máa ń pín agbára tó ń fa irin ya káàkiri etí rẹ̀. Ìpẹ̀kun ìlà tó mú ṣóńṣó ni irin ti ń là síwájú.

Fún irin tí kò nípọn ju mílímítà méjì lọ, ọ̀pá géèjì 12, tó jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 2.5, ló yẹ. Géèjì 10, tó jẹ́ mílímítà 3.25, wà fún irin tó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ọ̀pá tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà ni E6013. Nọ́ńbà 60 iwájú ń sọ pé irin tó bá ti ara rẹ̀ jáde yóò lè gba fífà tó tó 60,000 pọ́n-ùn lórí íńṣì kan ní ìbú àti òòró. 1 ń sọ pé ó ṣe é lò lórí ìdúró èyíkéyìí, ì báà jẹ́ lókè orí. 3 sì ń sọ irú ẹ̀wù tó wọ̀. Ọ̀pá dáadáa ni fún irin tó mọ́, ṣùgbọ́n kò ní agbára láti jẹ ìpẹtà já. Ẹni tó bá gbà pé ọ̀pá yóò bá òun ṣe iṣẹ́ fífọ̀ ń tan ara rẹ̀ ni.

Wẹ́dà tó ní sùúrù kì í jó ìlà gígùn lẹ́ẹ̀kan. Yóò jó díẹ̀ níhìn-ín, yóò lọ jó díẹ̀ lọ́hùn-ún, yóò sì jẹ́ kí èyí àkọ́kọ́ tutù, nítorí irin tó gbóná níbì kan ṣoṣo á lọ́, lílọ́ náà á sì tún ya ibòmíràn. Bí irin náà bá ti jẹ lọ jìnnà, kí ó lẹ̀ ẹ́. Ìlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kọjá ibi tó bàjẹ́ dé orí irin tó ṣì le, kí igun rẹ̀ sì jẹ́ róbótó. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá tutù, ẹfun àti kẹrosíìnì yóò tún padà wá fún àyẹ̀wò, kí omi tó wọlé.

Ibi tí ewu wà

Dúrọ́ọ̀mù ló léwu jù nínú gbogbo wọn. Èyí tó ti gba bẹntiróòlù, dísù tàbí kẹrosíìnì rí lè dà bí òfìfo, ṣùgbọ́n oru epo ṣì wà nínú rẹ̀, nínú ìpẹtà àti lábẹ́ etí tí wọ́n ká pọ̀. Oru yẹn àti afẹ́fẹ́ ni yóò bú gbàù bí iná bá kàn wọ́n. Fífi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀kan kò tó. Bó bá di dandan kí wọ́n jó o, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ léraléra, kí gbogbo ẹnu rẹ̀ wà ní ṣíṣí, kí wọ́n sì rọ omi sínú rẹ̀ títí tí yóò fi ku díẹ̀ kó kan ibi tí iná yóò dé, kí àyè má baà wà fún oru. Ẹni tó bá ní ọ̀nà mìíràn, kó fi dúrọ́ọ̀mù náà sílẹ̀.

Ìsẹ̀ àti Emùré jẹ́ ilẹ̀ kòkó, èyí sì mú ìṣòro mìíràn wá. Àwọn àgbẹ̀ kòkó lo Gamalin 20 fún ọ̀pọ̀ ọdún láti fi pa kòkòrò. Oògùn lindane ló wà nínú rẹ̀, àpérò àgbáyé ti Stockholm sì fi lindane sínú àkọsílẹ̀ àwọn májèlé tí ayé gbọ́dọ̀ mú kúrò ní ọdún 2009. Dúrọ́ọ̀mù tàbí táńkì tó ti gba irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò tún ní iṣẹ́ kankan láti ṣe pẹ̀lú omi mímu, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi iná kàn án, nítorí èéfín rẹ̀.

Wẹ́dà tó bá fẹ́ wọ inú táńkì ńlá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irin tó ń dípẹtà ń jẹ nínú afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí. Táńkì tí wọ́n ti pa dé fún oṣù púpọ̀ lè má ní afẹ́fẹ́ tó láti gbé ènìyàn dúró, kò sì ní òórùn tí yóò fi kìlọ̀. Bákan náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu táńkì, nítorí ohun tó ń pani nínú rẹ̀ kò ṣe é gbóòórùn. Kí wọ́n ṣí gbogbo ẹnu táńkì sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kí ẹnì kan dúró síta pẹ̀lú okùn tó so mọ́ ẹni tó wà nínú, kí ẹni ìta náà má sì ṣe kó wọlé lọ gbé e bó bá dákú, bí kò ṣe kí ó fà á jáde.

Ẹ̀rọ ìjórin tún ní ewu tirẹ̀. Láàárín ìgbà tí wẹ́dà kò bá tíì fi ọ̀pá kan irin, nǹkan bíi fóòtì 50 sí 80 ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀pá náà. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà, ọ̀pọ̀ wẹ́dà kì í kà á sí. Nínú táńkì tí ara rẹ̀ tutù, pẹ̀lú aṣọ tí òógùn ti rẹ, tí ẹ̀yìn àti orúnkún ń kan irin, ìwọ̀n yẹn lè pa ènìyàn.

Ti èéfín síǹkì ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Wẹ́dà tó bá fà á símú lè lọ sílé láìsí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ní alẹ́ òtútù á mú un, ara rẹ̀ á gbóná, ẹnu rẹ̀ á máa korò bí irin, gbogbo ènìyàn á sì sọ pé ibà ni. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Mílíìkì tí ọ̀pọ̀ wẹ́dà ń mu kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kò dí èéfín náà lọ́wọ́, nítorí ọ̀nà ọ̀fun ni mílíìkì ń gbà, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń gbà. Ohun tó ń ṣèrànwọ́ ni kí wọ́n lọ síǹkì náà kúrò kí iná tó dé, kí wọ́n jó o níta gbangba, kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ láti ẹ̀yìn ẹni tó ń jó o.

Lẹ́yìn tí iná bá kúrò

Irin tí iná ti kàn gbọ́dọ̀ rí ẹ̀wù wọ̀. Láti ìta, ọ̀dà tí síǹkì pọ̀ nínú rẹ̀ ló dára jù. Láti inú, ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún táńkì omi mímu nìkan ló yẹ. Kọlitá kò yẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà pupa tí òjé wà nínú rẹ̀ kò yẹ, nítorí òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Bí ọ̀dà bá ti gbẹ dáadáa, kí wọ́n rọ omi kún un, kí wọ́n sì da omi bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn sí i. Bí ó bá jẹ́ èyí tí agbára rẹ̀ tó ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, lítà kan ààbọ̀ ni fún omi 1,000 lítà. Kí ó wà níbẹ̀ fún wákàtí 24, kí wọ́n tú u dànù, kí wọ́n sì fi omi mìíràn ṣàn án. Omi àkọ́kọ́ yìí kì í ṣe fún mímu.

Ti ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkẹ́rẹ́ àti agbègbè rẹ̀, iná igi, sítóòfù tàbí gáàsì ni wọ́n fi ń mú omi gbóná. Àwọn tó ń fọ epo pupa náà ní dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń se ẹyìn lórí iná. Ojú jíjó irú dúrọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ tètè máa ń là, nítorí ó ń gbóná, ó ń tutù, ojoojúmọ́. Wọ́n lè tún un jó bí wọ́n ṣe ń tún táńkì jó, níwọ̀n ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀ tí èéfín ń rí ọ̀nà jáde.

Ẹ̀rọ oníná mànàmáná tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Táńkì inú rẹ̀ wà ní dídé, omi ẹ̀rọ sì ń tì í láti inú. Omi tó gbóná láti ìwọ̀n 20 dé 60 máa ń fẹ̀ sí i: lítà 100 á di nǹkan bí lítà 101 àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́wàá. Fáàfù ìdáàbòbò kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń tú àṣẹ́kù yẹn jáde. Àwọn onílé kan máa ń rí omi tó ń kán níbẹ̀, wọ́n á rò pé ó ń jò, wọ́n á sì ki igi tàbí nọ́ọ̀tì sí i. Bí ohun tó ń pa iná fúnra rẹ̀ bá wá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, omi inú rẹ̀ yóò gbóná kọjá 100 láìhó, nítorí kò sí àyè. Bí irin bá ya pẹ́rẹ́, gbogbo omi náà á fẹ́ di èéfín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè gba òrùlé jáde.

Nítorí náà, bí táńkì inú ẹ̀rọ yìí bá jò lójú jíjó, wẹ́dà kọ́ ni wọ́n ń pè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi nǹkan tó dà bíi dígí bò nínú, iná wẹ́dà á sì fọ́ ọ yángá. Pípààrọ̀ rẹ̀ ló kù. Ohun tó lè mú kó pẹ́ kó tó dé ibẹ̀ ni ọ̀pá magnesium tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, èyí tí omi ń jẹ dípò irin. Láti ọdún 1824 ni Humphry Davy ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi hàn pé irin kan lè kú fún òmíràn báyìí, nígbà tó ń wá ohun tí yóò dáàbò bo bàbà tí wọ́n fi ń bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Kí onílé máa yẹ ọ̀pá náà wò lọ́dọọdún, kó sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti jẹ tán. Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní London mọ ti àgbá bàbà tó ń gbé omi gbígbóná pamọ́ nínú ilé. Bí ìyẹn náà bá jò, pípààrọ̀ ni. Ní England àti Wales, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni tí kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kan irú èyí tó wà ní dídé tó sì ju lítà 15 lọ mọ́lẹ̀.

Ìgbà tí táńkì ti kọjá àtúnṣe

Wẹ́dà olóòótọ́ máa ń kọ́kọ́ fi òòlù kékeré lu ara táńkì káàkiri, kó tó dárúkọ owó. Irin tó ṣì le a máa dún gooro. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ tán nínú a máa dún bòò, ó tilẹ̀ lè tẹ̀ sínú. Bí ìsàlẹ̀ bá dún bẹ́ẹ̀ láti igun dé igun, kò sí ojú jíjó tí wọ́n lè dì mú, nítorí irin tó yẹ kí wọ́n jó o mọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n lè gé gbogbo ìsàlẹ̀ náà kúrò kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin bá ṣì dára, ṣùgbọ́n kí onílé béèrè iye tí táńkì oníke tó tó o ń lọ lọ́jà ná.

Táńkì tí wọ́n bá tún ṣe, ìpele mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n fi rọ omi sí i: ìdá kan nínú mẹ́ta lọ́jọ́ kìíní, ìdá méjì lọ́jọ́ kejì, kó kún lọ́jọ́ kẹta. Kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nu ojú jíjó láràárọ̀ kí oòrùn tó mú, nítorí bí oòrùn bá ti mú, ó máa ń gbẹ ọ̀rinrin tí wọ́n ń wá. Kí wọ́n sì wo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá ọ̀kan ti ń rì. Bí ó bá ń rì, kí wọ́n tú omi náà jáde, kí wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù tó nípọn sí abẹ́ rẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Èyí tí kò bá sì ṣe é tún ṣe mọ́, àwọn tó ń ra àlòkù irin yóò wọ̀n ọ́n ní kílò, tàbí kí àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù gé òkè rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì máa fi ohun tó kù pọn omi sílẹ̀ fún yanrìn àti sìmẹ́ǹtì.